Kí Ẹsẹ̀ Àgbà Má Ṣe Yẹ̀

   

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun tó ń ba ààwẹ̀ jẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ sàká. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àwọn bàbá àti ìyá wa ni. Lọ́dọọdún tí ààwẹ̀ bá dé, a kì í ṣàì gbọ́ pé bàbá kan ṣubú níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá, tàbí pé ìyá kan yọ̀ nígbà tó dìde láti se oúnjẹ sààrì. Kí ọdún tó dé, ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí mọ́sálásí ti di ẹni tí wọ́n ń gbé jáde gbé wọlé. Ó ń dùn wá, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ṣeé dènà.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn náà dáadáa lónìí. Ohun tí a sábà máa ń rí ni pé bí àgbà bá ṣubú, kì í ṣe ẹ̀yìn ni àwọn ènìyàn ń wò, ayé ni wọ́n ń wò. Wọn á ní ayé ló tì í. Wọn á ní ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni, tàbí orogún, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń du ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ á di ariwo nínú ẹbí, ẹlòmíràn á kó owó lọ bá aláwo. Ilẹ̀ tí omi ọṣẹ dà sí, tí bàbá fi ẹsẹ̀ tẹ̀, á sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà, títí ẹlòmíràn á fi tún tẹ̀ ẹ́.

Àwọn mìíràn kì í sọ̀rọ̀ ayé, kádàrá ni wọ́n ń sọ. Òótọ́ ni pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí Ọlọ́run kò mọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọkùnrin tó bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́run léèrè bóyá kí òun so ràkúnmí òun mọ́lẹ̀ kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, àbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun gbẹ́kẹ̀ lé E. Èsì tí Ànábì fún un ni pé kó kọ́kọ́ so ó, kó tó wá gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ràkúnmí tí àwa náà ní láti so ni ilẹ̀ ilé wa, bàtà ẹsẹ̀ wa, àtùpà wa, oògùn tí a ń lò àti iṣan itan wa.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìṣubú jẹ́ ohun ìtìjú tàbí àmì ẹ̀ṣẹ̀. Ànábì wa fúnra rẹ̀ ṣubú láti orí ẹṣin, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún bó, ó sì jókòó kírun nítorí rẹ̀. Ó wà nínú hádíìsì tí Anas ọmọ Maliki gbà wá. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, ta ni àwa tí a ó máa fi í pamọ́?

Nítorí pé fífi pamọ́ ni ìṣòro wa. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje jẹ́ olórí wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan láàárín 2003 àti 2004 lórí àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè, ní ìpínlẹ̀ 8 tí wọ́n ti ń sọ èdè Yorùbá. Ọ̀ṣun tiwa wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò lé ní 2,000. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 fi hàn pé nǹkan bí 23 nínú 100 wọn ló ti ṣubú láàárín oṣù 12 tó ṣáájú. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: bí àgbà 40 bá jókòó ní sààfù àkọ́kọ́ àti èkejì, nǹkan bí 9 nínú wọn ti ṣubú láàárín ọdún kan, ọ̀pọ̀ ni kò sì ní sọ fún ọmọ wọn. Ní gbogbo ayé, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 684,000 ènìyàn ni ìṣubú ń pa lọ́dún kan, àwọn tó ti kọjá 60 ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Kí ló ń mú ènìyàn dúró gan-an? Ohun mẹ́ta ló ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ojú ń wo ibi tí ilẹ̀ wà. Nínú etí lọ́hùn-ún, Ọlọ́run fi omi díẹ̀ síbẹ̀ tó ń mì bí orí bá yí, òun ló ń sọ fún wa bóyá a dúró ṣánṣán tàbí a ti ń yẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ àti oríkèé ló sì ń sọ bí ilẹ̀ ṣe rí lábẹ́ wa. Ọpọlọ á kó ìròyìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, á pàṣẹ fún iṣan itan àti ọrùn ẹsẹ̀ kí wọ́n gbé ara ró. Nínú èwe, gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́. Bí ọjọ́ bá ti gun orí ọjọ́, ojú á di bàìbàì, àtẹ́lẹsẹ̀ á kú díẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, iṣan á sì dín. Súrà Rúúmù ti sọ ìrìn àjò yìí fún wa, láti inú àìlera bọ́ sínú agbára, láti inú agbára padà sínú àìlera àti ewú. Nítorí náà ẹsẹ̀ tó kọ́sẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún tó sì gbé ara rẹ̀ padà, kò lè gbé e padà mọ́ ní 70, àyàfi tí a bá tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sínú ilé. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé kò sí agbo ilé kan ní Èjìgbò tí kò ní ọmọ ní Àbíjàn. Láti ayé àwọn baba wa ni àwọn ará wa ti ń lọ sí ilẹ̀ Côte d'Ivoire, owó ibẹ̀ sì ti kọ́ ilé rẹpẹtẹ níbí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ọmọ á kọ́ ilé fún bàbá, á sọ pé àfi kó dára ju ti ará ilé kejì lọ, á wá fi táìsì tó ń dán bíi dígí tẹ́ gbogbo ilẹ̀, dé balùwẹ̀, dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá tó ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ amọ̀ àti sìmẹ́ńtì fún 60 ọdún ni wọ́n wá gbé sórí dígí. Bí omi ìkòkò kan ṣoṣo bá dà sílẹ̀, ó parí. Wọ́n tún lè kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí yàrá bàbá wà lókè nítorí ọlá, kí àtẹ̀gùn máà ní irin tí ọwọ́ lè dì mú nítorí pé owó irin ti tán tàbí pé wọ́n ń dúró de ọmọ títí yóò fi wálé lọ́dún Iléyá. Ní èrò tiwa, ọlá tó wà nínú kí bàbá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ju ọlá táìsì lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà níta, kí ẹ tó ra táìsì, ẹ béèrè èyí tí ojú rẹ̀ rí gáràgàrà tí kì í yọ̀, ó wà ní ọjà. Níbi tí wọ́n bá ti tẹ́ dídán sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ́ rọ́bà onírun lé e ní balùwẹ̀ àti ní ibi àlùwàlá. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà lu irin méjì mọ́ ògiri, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀. Kí irin àtẹ̀gùn gba òkè dé ìsàlẹ̀, kì í ṣe kó dá dúró ní àárín. Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan kí ojú tó ti rẹ̀ lè rí i. Bí bàbá bá lè gba yàrá ìsàlẹ̀, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá sì pè é lórí fóònù, ẹ má ṣe béèrè kìkì pé ṣé ẹ ti jẹun. Ẹ bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti ṣubú láti ọjọ́ tí a ti sọ̀rọ̀?" Ẹ bi í wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó má dà bí ẹjọ́.

Fún ẹ̀yin tí ilé yín kì í ṣe ilé Àbíjàn, ewu tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ewúrẹ́ tó sùn sí ẹnu ọ̀nà lóru. Ẹní tí etí rẹ̀ ti ká sókè. Okùn iná jẹnẹrétọ̀ tó gba àárín ilé kọjá. Pákó tí a fi sọdá gọ́tà níwájú ilé, tó ti jẹrà lábẹ́ tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Etí kànga tí omi ń dà sí lójoojúmọ́, tí nǹkan tútù ti hù sí lára. Àti aṣọ wa náà: jalabíà tó gùn wọ́lẹ̀ tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bí a bá fẹ́ dìde, ìró tí ìyá kò so le tó ń tú lójú ọ̀nà, sílípáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán. Bàtà tó mú ẹ̀yìn ẹsẹ̀ dáadáa sàn fún àgbà ju sílípáàsì lọ.

Àkókò tó burú jù ni òru, òru oṣù ààwẹ̀ sì ní ìdì tirẹ̀. Aago mẹ́rin ni, wọ́n ti ń pariwo sààrì ní mọ́sálásí, iná mọ̀nàmọ́ná lè máà sí. Bàbá á fò dìde lórí ibùsùn. Ẹ̀jẹ̀ tó ti wà ní ìtẹ́jú látàárọ̀ oorun kò ní tètè gòkè dé orí, òòyì á kọ́ ọ, kó tó mọ̀, ó ti wà nílẹ̀. Ó máa ń ṣe àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ju ẹlòmíràn lọ, ó sì máa ń ṣe ẹni tí kò mu omi tó láàárín ìṣínu àti sààrì. Ohun tí à ń sọ kò le rárá. Bí o bá jí, má ṣe dìde. Jókòó sí etí ibùsùn, na ẹsẹ̀, ká a, na án, ka sùbúhánàláhì 33. Ìgbà tí o bá kà á tán ni kí o tó dìde, kí o sì di nǹkan mú kí o dúró díẹ̀ kí o tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Gbé tọ́ọ̀ṣì tàbí àtùpà sólà sí ibi tí ọwọ́ rẹ lè dé láìdìde. Ẹni tí ìtọ̀ ń jí lẹ́ẹ̀mẹta lóru, kó gbé póò sí ẹsẹ̀ ibùsùn. Ayé àwọn ìyá wa àgbà kì í ṣe ayé ọ̀lẹ, wọ́n sì lo póò. Bí ìtọ̀ náà bá sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kó sọ fún dókítà, nítorí ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ tàbí ohun mìíràn tó ní ìtọ́jú.

A dárúkọ oògùn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan máa ń pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì láti ọjọ́ kìn-ín-ní ààwẹ̀, àwọn kan á kó ti òwúrọ̀ àti ti alẹ́ pọ̀ gbé e mì ní sààrì. Kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì. Ẹ lọ bá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kí ààwẹ̀ tó dé, kí wọ́n bá yín pín àkókò rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ṣúgà ara rẹ̀ lè wálẹ̀ lójijì nígbà tí ebi wà, ara á máa gbọ̀n, òógùn tútù á máa jáde, ojú á ṣú. Kó ṣínu lójú ẹsẹ̀, ì báà ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n pe mágíríbì. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún oògùn oorun tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Ó ń mú oorun wá ni, ṣùgbọ́n ó ń gba agbára ẹsẹ̀ lọ títí di òwúrọ̀.

Níbi tí a dé yìí, a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere: àgbà tí ààwẹ̀ ń kó òòyì bá lójoojúmọ́, tí dókítà sì ti kìlọ̀ fún, Ọlọ́run kò fi dandan mú un. Súrà Bákárà ti là á sílẹ̀ fún aláìsàn àti fún ẹni tí ó di ìnira fún. Anas tí a dárúkọ lókè, nígbà tó darúgbó tán, aláìní ló ń bọ́ dípò ààwẹ̀. Àwọn bàbá wa kan máa ń rò pé gbígba ìrọ̀rùn yìí jẹ́ ìwà àìlágbára nínú ẹ̀sìn. Bí Ọlọ́run bá fún ọ ní nǹkan, ṣé o máa dá a padà fún Un ni?

Ọ̀rọ̀ àga nínú mọ́sálásí ló kàn, ó sì gba àlàyé, nítorí pé apá méjì ni àṣìṣe wà. Imran ọmọ Husayn ní jẹ̀díjẹ̀dí, ó bi Ànábì léèrè nípa ìrun. Ànábì ní kó dúró kírun, bí kò bá lè ṣe é kó jókòó, bí kò bá lè ṣe é kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Nínú ìwé Abu Dawud, a tún gbọ́ pé nígbà tí ọjọ́ orí Ànábì ga tí ara rẹ̀ sì wúwo, ó gbé òpó kan sí ibi ìkírun rẹ̀ tó ń fi ara tì. Nítorí náà, ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò gbà, tàbí tí òòyì ń kọ́ nínú rúkúù, kó mú àga láìtijú, kó mú èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gbọin, kì í ṣe àga rọ́bà tó ti ń mì. Ẹni tó lè dúró ṣùgbọ́n tí kò lè foríkanlẹ̀, kó dúró nígbà ìdúró, kó wá jókòó nígbà ìforíkanlẹ̀. Ní ti àṣámù, ìrun náfílà ni, ẹni tó bá rẹ̀ lè jókòó ṣe é. Ìjà lórí rákáà 8 àti 20 kò sí lára wàásù tòní.

Apá kejì ni èyí: ẹni tí ara rẹ̀ ṣì gbà á kò gbọ́dọ̀ sáré lọ sórí àga nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ bá wa ka ìrun ọ̀ranyàn. Rákáà 17 ni lójúmọ́, ìforíkanlẹ̀ 34. Lójoojúmọ́ ni itan, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ń gbé wa láti ilẹ̀ dé òkè. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ láìnídìí, láàárín oṣù díẹ̀, iṣan itan rẹ̀ á ti dín, kò ní lè dìde nílẹ̀ mọ́ bó bá tiẹ̀ fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rù á bà á, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, àwọn ọmọ á ní kó má ṣe dìde, kí ó sinmi. Ìsinmi yẹn gan-an ló ń tún un ta sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tí a kò lò máa ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Ní 2019, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 108 jọ láti orílẹ̀-èdè 25, àwọn àgbà tó kópa nínú rẹ̀ lé ní 23,000. Wọ́n rí i pé bí ìṣubú 100 bá ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tí kò ṣe eré ìdárayá, nǹkan bí 77 ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe é. Kì í ṣe pé kí bàbá máa sá eré kiri pápá o. Jókòó sórí àga tó le, dìde láìfi ọwọ́ ti ara, tún jókòó. Ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, bó bá rọrùn ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá. Dúró ti ògiri tàbí tábìlì tó wúwo, gbé gìgísẹ̀ sókè, sọ ọ́ kalẹ̀. Kí o fi ọwọ́ kan ògiri kí o fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí o ka Kulhuwaláhù kan, kí o pààrọ̀ ẹsẹ̀. Bí o bá ń rìn lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì bí ẹni ń wọn ilẹ̀. Lẹ́yìn ìrun alaásàrì dára fún un ní ọjọ́ mìíràn. Nínú ààwẹ̀, ẹ ṣe é lẹ́yìn ìṣínu nígbà tí omi ti wọ ara. Kí ẹnìkan wà nítòsí fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó ń lọ sóko, kó máa lọ bí agbára rẹ̀ bá gbé e, kó kàn máà gun ọ̀pẹ mọ́, kó sì fi ẹrù orí sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Ọ̀pá ńkọ́? Ànábì Musa ní ọ̀pá, ó sọ fún Ọlọ́run pé òun ń fi ara tì í. Kò sì jẹ́ arúgbó nígbà náà. Ọ̀pá tó bá ọ mu ni èyí tí orí rẹ̀ bá ọrùn ọwọ́ rẹ dọ́gba bí o bá na ọwọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ tó kọjú sí ẹsẹ̀ tó ń dùn ni a fi ń dì í mú, bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ òsì ló ń dùn, ọwọ́ ọ̀tún ni. Ọ̀pọ̀ ló ń dì í mú sódì. Bí o bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dára ni kó ṣáájú. Bí o bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń dùn pẹ̀lú ọ̀pá ni kó ṣáájú. Kí rọ́bà wà ní ìdí rẹ̀. Kí ẹ sì máa yẹ ọ̀pá igi wò lóòrèkóòrè, ẹ rántí ọ̀pá Ànábì Sulaimana tí kòkòrò jẹ.

Ojú náà ṣe pàtàkì. Awọ funfun tó ń bo ẹyinjú àgbà kì í ṣe ohun tí à ń fi àgbo fọ̀. Iṣẹ́ abẹ kékeré ló ń mú un kúrò, ẹni náà sì lè padà ríran lọ sílé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ tì í sẹ́yìn ní ẹ̀yìnkùlé.

A fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn lẹ́mọ́mù àti ìgbìmọ̀ mọ́sálásí pẹ̀lú, kí wọ́n má bínú. Bàtà tí a ń da sílẹ̀ bí òkìtì ní ẹnu ọ̀nà ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ẹsẹ̀ àgbà ń pàdé lẹ́yìn ìrun, nígbà tí gbogbo ọ̀dọ́ ń sáré jáde. Ibi àlùwàlá wa ń yọ̀, ibi tí a ń jókòó sí níbẹ̀ kéré, kò sí irin ìdìmú. A máa ń dá owó fún gbohùngbohùn tuntun àti fún kọ́bà, a kì í dá owó fún irin. Ànábì sì ti kọ́ wa pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Ẹ kan pákó fún bàtà. Ẹ fọ ibi àlùwàlá pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì líle lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí nǹkan tútù yẹn má lè hù. Ẹ gbé bẹ́ńṣì tó ga díẹ̀ síbẹ̀, kí bàbá lè jókòó fi búútà fọ ẹsẹ̀ dípò kó fi ẹsẹ̀ kan dúró kí ó gbé èkejì sí abẹ́ ẹ̀rọ omi. Ẹsẹ̀ kan yẹn ló ń ta wọ́n.

Bí ìṣubú bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Má sáré dìde. Dúró nílẹ̀, mí, yẹ ara rẹ wò. Bí ibì kan kò bá dùn púpọ̀, fi ẹ̀gbẹ́ yí, fi ọwọ́ àti orúnkún gbé ara, rá dé ibi àga tàbí ibùsùn, fi ọwọ́ méjèèjì lé e, gbé ẹsẹ̀ tó lágbára síwájú, dìde, jókòó síbẹ̀ díẹ̀. Ẹ lè kọ́ ọ nílé nígbà tí ara le. Ẹni tó ń dá gbé, kó máa fi fóònù sínú àpò, má ṣe fi í sórí tábìlì.

Ṣùgbọ́n bí ìrora bá wà ní ojúgun itan, tí ẹsẹ̀ kan bá kúrú ju èkejì tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì yí síta, eegun ìbàdí ló ṣeé ṣe kó ti kán. Ẹ má ṣe gbé e dúró. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa ẹsẹ̀ náà, kí wọ́n má ṣe fi ọ̀rí gbígbóná wọ́ ọ. Ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó tàbí fóòmù, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ya fọ́tò eegun, bí ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIOSUN ní Òṣogbo tàbí ti Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́. A mọ iyì àwọn tó ń to eegun láàárín wa, wọ́n sì ti ṣe dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọmọdé tó kán lápá. Eegun ìbàdí àgbà kì í ṣe irú èyí. Bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kì í ṣe eegun ni yóò pa á, egbò ẹ̀yìn, òtútù àyà àti ẹ̀jẹ̀ tó dì ní ẹsẹ̀ ni. Iṣẹ́ abẹ tó yára ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ tún rìn. Ẹni tó fi orí gbá ilẹ̀, ì báà máa rẹ́rìn-ín, ẹ ṣọ́ ọ. Bó bá ń bì, tó ń sùn jù, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú tàbí tí orí ń fọ́ ọ sí i, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ. Ní UCH Ìbàdàn, láti 2012 ni wọ́n ti ṣí ibùdó kan tó wà fún àwọn arúgbó nìkan, tí wọ́n ń pè ní Chief Tony Anenih Geriatric Centre. Àgbà tó ń ṣubú lemọ́lemọ́ láìmọ ìdí rẹ̀ lè rí àyẹ̀wò tó péye níbẹ̀.

Ìbéèrè kan kù tí àwọn olùgbọ́ máa ń bi wá, nípa àlùwàlá àti ìrun ẹni tí wọ́n ti fi bàǹdéèjì líle dì lẹ́sẹ̀. Kò ní tú u. Yóò fọ ibi tó ṣeé fọ̀, yóò fi ọwọ́ tútù pa orí ìdì náà. Bí omi yóò bá pa á lára pátápátá, tàbí kò sí ẹni tí yóò bu omi fún un, kó ṣe táyámọ́mù. Lórí ibùsùn ni yóò kírun, kí wọ́n yí i kọjú sí Kíbílà. Bí ibùsùn ilé ìwòsàn kò bá ṣeé yí, ibi tó bá kọjú sí náà ni kó ti kí i, kó fi orí ṣe àmì rúkúù àti ìforíkanlẹ̀, kí ti ìforíkanlẹ̀ lọ sílẹ̀ jù. Ààwẹ̀ tó bá jẹ nígbà tó wà níbẹ̀, yóò san án padà bí ara rẹ̀ bá yá.